Kíkọ́ Ọmọdé Lédè Gẹ̀ẹ́sì Nílẹ̀ Òkèèrè: Kí Ni Wọ́n Ń Béèrè Lọ́wọ́ Olùkọ́ Àjèjì Gan-an?

"Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣé mo lè lọ máa fi kọ́ àwọn ọmọdé nílẹ̀ òkèèrè?" Ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń gba èsì méjì tó ta kora. Ẹnìkan á sọ fún un pé kó ra ìwé ẹ̀rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó di ẹrù rẹ̀, iṣẹ́ ń dúró dè é. Ẹlòmíràn á ní tí kì í bá ti í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Orílẹ̀-èdè tí kálukú wọn ní lọ́kàn ló yàtọ̀, irú ilé-ìwé tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé àwọn èèyàn ń kó òfin ìwọ̀lú, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni àti ọgbọ́n ìkọ́mọ pọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀, òfin kì í béèrè bóyá ohun tí ẹ ń kọ́ ọmọ máa yé e. Ìwé ẹ̀rí nìkan kì í fúnni ní físà. Ọmọ ọdún márùn-ún tó jókòó síwájú yín kò sì mọ èyí tó ń jẹ́ físà tàbí ìwé ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀, ká wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Gúúsù Kòríà, torí òfin tiwọn ṣe kedere. Físà tí wọ́n fi ń gba olùkọ́ èdè wọlé níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní E-2. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fẹ́ kọ́ ọmọ, orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n ń gba olùkọ́ wọn: Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Páásípọ́ọ̀tù ọ̀kan nínú àwọn méje yìí àti dìgírì yunifásítì ni ìpìlẹ̀. Yàtọ̀ sí wọn, àwọn ọmọ Íńdíà tó ní ìwé àṣẹ olùkọ́ lè gba ọ̀nà àdéhùn òwò tó wà láàárín Íńdíà àti Kòríà wọlé.

Ẹ kíyè sí i pé òfin yìí kò sọ pé àwọn méje wọ̀nyí nìkan ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Jàmáíkà tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì kò sí nínú wọn. Páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ẹnu. Ìdí nìyí tí kò fi sí ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni kankan, bó ti wù kó wọ́n tó, tó lè yí èsì físà náà padà fún ẹni tí kò sí lórí àkọsílẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ń ta kọ́ọ̀sì fún yín tó sì ń fi Kòríà fà yín lójú mọra láì kọ́kọ́ béèrè irú páásípọ́ọ̀tù tí ẹ ní, owó yín ló ń wá.

Jàpáànì kò ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ètò JET, tí ìjọba wọn dá sílẹ̀ lọ́dún 1987, ń gba èèyàn láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wá sí ilé-ìwé ìjọba láti máa ran olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Àdéhùn ọdún kan ni, wọ́n sì lè máa tún un ṣe títí tó fi máa pé ọdún márùn-ún. Fún ẹni tó fẹ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ láì gba ti JET, ìlànà físà olùkọ́ ilé-ìwé sọ pé ẹni tó fẹ́ kọ́ni ní èdè ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti fi èdè yẹn gba ẹ̀kọ́ fún ọdún 12, ó kéré tán. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kò béèrè ibi tí wọ́n bí yín sí. Èdè tí wọ́n fi kọ́ yín níwèé ló ń béèrè. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, girama àti yunifásítì lè kó ìwé àwọn ilé-ìwé rẹ̀ jọ, kó fi ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kí òfin fàyè gbani kò túmọ̀ sí pé gbogbo agbanisíṣẹ́ ló máa gbani. Ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn, a ó sì dé ibẹ̀.

Ṣáínà ń wo páásípọ́ọ̀tù, ó tún ń béèrè dìgírì, ó sì ń fẹ́ ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì tàbí ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni tí yóò dípò rẹ̀. Ní Spéìn àti Faransé, ohun tí ọ̀pọ̀ àjèjì ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rárá. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n: wọn a máa bá ọmọ sọ̀rọ̀, wọn a máa ṣeré èdè pẹ̀lú wọn, olùkọ́ onílé ló ni kíláàsì. Ní Faransé, wákàtí 12 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, láti oṣù October títí di April. Owó tí wọ́n ń fún wọn tó láti jẹun àti láti san owó ilé bí èèyàn bá mọ owó ná, kì í ṣe owó tí èèyàn lè fi gbọ́ bùkátà ìdílé. Àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá bá ṣàdéhùn nìkan ni wọ́n sì ń gbà.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú físà, ṣebí orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn á ti máa kọ́ àwọn ọmọ náà. Òótọ́ ni pé ọ̀nà yẹn la odindi iṣẹ́ sílẹ̀, pàápàá fún àwọn ọmọ Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ní oṣù July 2021, ìjọba Ṣáínà gbé òfin kan jáde láti dín wàhálà iṣẹ́ ilé-ìwé kù fún ọmọ, àti láti dín ìnáwó lẹ́sìnì kù fún òbí. Òfin náà kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ máa fi lẹ́sìnì lórí iṣẹ́ ilé-ìwé jèrè mọ́, ó sì ka gbígba àjèjì tó ń gbé nílẹ̀ òkèèrè láti máa kọ́ àwọn ọmọ wọn léèwọ̀. VIPKid, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2013 tó sì di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù nídìí òwò náà, pa iṣẹ́ tó ti sọ ọ́ di olókìkí yẹn tì. Àwọn olùkọ́ tó fi iṣẹ́ yìí nìkan gbọ́ bùkátà kò ní ẹnikẹ́ni láti gbèjà wọn, torí òṣìṣẹ́ àdáṣe ni ìwé pè wọ́n. Iṣẹ́ ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn, ṣùgbọ́n òfin ìlú tí ọmọ náà wà ni yóò máa darí rẹ̀, ẹ̀yin kò sì ní í bá wọn dìbò sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ "elédè abínibí" ti wá

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí náà mo fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ ni olùkọ́ tó dára jù, bí ẹni pé ìwádìí kan ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth pàdé ní Makerere ní Uganda, wọ́n jíròrò lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn èrò tó gbilẹ̀ láti ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì; pé elédè abínibí ni olùkọ́ tó péye; pé bí ọmọ bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ló ṣe máa mọ̀ ọ́n tó; pé bí wákàtí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa dára tó; àti pé bí wọ́n bá ń lo èdè mìíràn jù, Gẹ̀ẹ́sì ọmọ á bàjẹ́. Lọ́dún 1992, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Phillipson tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó sì pe márààrún ní àṣìṣe. Ó ní ìgbàgbọ́ lásán ni wọ́n, àǹfààní wọn sì pọ̀ fún àwọn tó ń ta Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn tó ń kọ́ ọ lọ.

Láàárín àkókò yẹn kan náà, Peter Medgyes tó jẹ́ olùkọ́ ní Hungary ń sọ ohun tí àwọn olùkọ́ bíi tirẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ ibi tó ti ń dunni, torí ó ti gba ibẹ̀ kọjá. Ó mọ ìdí tí ọmọ fi ń gbàgbé "s" tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ó mọ àlàyé tó ṣí i lójú nígbà tirẹ̀. Elédè abínibí tí kò tíì kọ́ èdè mìíràn rí lè máa sọ pé "bá a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn", kó má sì mọ ìdí. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àgbáyé tó ń jẹ́ TESOL náà gbé ìwé jáde lọ́dún 2006 pé àwọn lòdì sí kí wọ́n máa fi ẹ̀tọ́ dun ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́ni.

Kí ló wá dé tí kò yí padà? Òbí ló ń sanwó. Ilé lẹ́sìnì aládàáni ń ta ojú olùkọ́ fún òbí kó tó ta ẹ̀kọ́ fún ọmọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè fọ́tò mọ́ ìwé ìwáṣẹ́. Àwọ̀ ara wà nínú rẹ̀, kò sí ìdí láti bo èyí mọ́lẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ní páásípọ́ọ̀tù, tó ní dìgírì, tó ní ìrírí, lè kọ̀wé sí ilé-ìwé mẹ́wàá kó má gbọ́ nǹkan kan, kí ẹni tí kò kọ́ ọmọ rí gba iṣẹ́ náà. Mo gbà pé ìwà ìrẹ́jẹ ni, àwọn ọmọ sì ń pàdánù níbẹ̀ pẹ̀lú, torí wọ́n ń dàgbà pẹ̀lú èrò pé irú èèyàn kan ṣoṣo ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láyé. Ẹni tó bá ń wáṣẹ́ yẹ kó mọ̀ pé ilé-ìwé ìjọba àti ètò tí ìjọba ń darí máa ń ní ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ló sàn láti kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wọn.

Ìwé ẹ̀rí tó níye lórí àti èyí tí kò ju bébà lọ

TEFL kì í ṣe orúkọ ìdánwò kan. Orúkọ iṣẹ́ náà ni, ìyẹn kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè ilẹ̀ òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí ló lè ṣí kọ́ọ̀sì kó sì kọ TEFL sára bébà. "Wákàtí 120" tí ẹ ń rí káàkiri ti di òṣùwọ̀n tí agbanisíṣẹ́ mọ̀, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì ń béèrè rẹ̀, àmọ́ kò sí àjọ àgbáyé kan tó ń ka wákàtí náà láti mọ̀ bóyá wọ́n pé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló tó láti fi mọ ìyàtọ̀: ṣé ẹnikẹ́ni máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wò yín bí ẹ ṣe ń kọ́ni? Nínú CELTA, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni tó jẹ́ ti Cambridge, ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gidi fún wákàtí mẹ́fà, kí olùkọ́ àgbà máa wò ó, kó sì sọ ibi tó kù sí fún un. CertTESOL, ìwé ẹ̀rí ti Trinity College London, náà ní irú èyí. Èyí ni owó rẹ̀ fi ga. Kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn kàn ń tẹ bọ́tìnì láti parí kì í ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tó fún físà níbi tí wọ́n ti ń béèrè bébà nìkan. Ohun kan wà tí wọ́n kì í sábà sọ fúnni: àgbàlagbà ni wọ́n ṣe CELTA fún. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọdé á ṣì ní láti wá ẹ̀kọ́ mìíràn kún un, tàbí kó lọ jókòó ti olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó mọṣẹ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé àgbáyé, níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe ara èyí. Ìwé àṣẹ olùkọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Tí ẹ bá ti jẹ́ olùkọ́ tó gbàṣẹ nílùú yín, ẹ má jókòó sídìí ilé lẹ́sìnì kí ẹ tó gbìyànjú ibẹ̀ wò.

Yálà wọ́n béèrè TEFL tàbí wọn kò béèrè, ìwé mìíràn wà tí kò ṣeé yẹ̀: ìwé ọlọ́pàá pé ẹ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, àti dìgírì tí wọ́n ti fọwọ́ sí pé kì í ṣe ayédèrú. Fún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Hague ti 1961, òǹtẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní apostille ti tó. Ṣáínà wọ inú rẹ̀ ní November 7, 2023, ìyẹn sì mú kí ìrìn dínkù fún ọ̀pọ̀ olùkọ́. Tí orílẹ̀-èdè yín kò bá sí nínú rẹ̀, láti iléeṣẹ́ ìjọba yín títí dé ẹ́ḿbásì ni ìwé náà máa rìn, ó sì lè gba oṣù. Ọjọ́ orí ìwé ọlọ́pàá ṣe pàtàkì, nítorí náà ẹ má gbà á kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé

Wákàtí tí ẹ máa fi dúró síwájú àwọn ọmọ àti wákàtí tí ẹ máa fi wà nílé-ìwé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní EPIK, ètò ìjọba Kòríà fún ilé-ìwé gbogboògbò, wákàtí 22 ni olùkọ́ máa ń fi kọ́ni lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ pé 40. Ìyókù wà fún ìmúrasílẹ̀. Ní ilé lẹ́sìnì, tí wọ́n ń pè ní hagwon lọ́hùn-ún, wákàtí ìkọ́ni lè pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìmúrasílẹ̀ sì lè di ohun tí ẹ ń ṣe nílé. Ẹ béèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní Kòríà, físà E-2 so mọ́ agbanisíṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ilé-ìwé mìíràn kí àdéhùn tó pé sábà máa nílò ìwé ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ tó fẹ́ fi sílẹ̀. Ohun tó mú kí àwọn kan fara da ìyà títí ọdún fi pé nìyẹn. Owó oṣù kan wà tí òfin ní kí wọ́n fi kún un fún òṣìṣẹ́ tó bá pé ọdún kan. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń wá ẹ̀sùn sí yín lọ́rùn ní oṣù kọkànlá, ẹ ti mọ ibi tó lè ti wá.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀lú pẹ̀lú físà ìgbafẹ́, àwọn á ṣe ti iṣẹ́ tí ẹ bá dé, ẹ má lọ. Ẹ̀yin ni wọ́n máa lé kúrò nílùú, kì í ṣe àwọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kó páásípọ́ọ̀tù yín fún àwọn láti máa bá yín tọ́jú rẹ̀, ẹ kọ̀. Bí èjẹ́ńtì bá ń gba owó lọ́wọ́ olùkọ́ kó tó fi í mọ ilé-ìwé, ẹ ṣọ́ra gan-an, torí ilé-ìwé ló sábà máa ń sanwó fún èjẹ́ńtì nínú iṣẹ́ yìí.

Nínú kíláàsì

Iṣẹ́ gan-an dé. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè jókòó gbọ́ àlàyé gírámà, ọmọ ọdún mọ́kànlá á sì tijú pa bí ẹ bá ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Olùkọ́ tí wọ́n bá fún ní ẹgbẹ́ ọmọ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà ní láti múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ méjì.

Fún àwọn kékeré, ọ̀nà kan wà tí James Asher, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Orúkọ rẹ̀ ni Total Physical Response. Ohun tó ṣàkíyèsí ni pé ọmọ ìkókó ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, ó pẹ́ kó tó lè sọ ọ́ lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ sọ pé "stand up", kí ẹ dìde. Ẹ sọ pé "sit down", kí ẹ jókòó. Àwọn ọmọ á máa tẹ̀ lé yín. Ẹ ṣe é títí tí wọ́n á fi máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ pé "stand up", àmọ́ kí ẹ̀yin jókòó sílẹ̀ bí ẹ ṣe wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti la ojú yín sílẹ̀ dáadáa. Ọmọ tó dìde láì wo ojú ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó dìde ń tọ̀ ọ́ bọ̀. Ọmọ tó jókòó bíi tiyín, ara yín ló ń wò, kò tíì fetí sí ọ̀rọ̀. Ẹ ti dán gbogbo kíláàsì wò ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láì fún ẹnikẹ́ni ní bébà, ojú kò sì ti ẹnì kankan. Nígbà tó bá yá, ẹ so ọ̀rọ̀ pọ̀: "touch the door", "touch the red bag". Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọmọ máa pàṣẹ fún yín. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ láti máa ní kí olùkọ́ jókòó, kó dìde, kó tún jókòó, wọn kì í sì í mọ̀ pé àwọn ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ọmọ kan á wà tí wọn kò ní í sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ lè gorí ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ tuntun sábà máa ń rò pé ọmọ náà kò gbọ́, tàbí pé olórí kunkun ni. Àwọn onímọ̀ èdè mọ ìgbà ìdákẹ́jẹ́ yìí dáadáa, wọ́n sì ń kà á mọ́ ara ẹ̀kọ́. Ẹ máa wo ọwọ́ ọmọ náà. Bó bá ń tọ́ka sí àwòrán tó tọ́, bó bá ń ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe, ó ń kó o pamọ́. Ohun tó lè ba iṣẹ́ yín jẹ́ ni kí ẹ dá a dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kó sọ̀rọ̀ dandan.

Ọ̀rọ̀ ìró náà ń fẹ́ sùúrù. Patricia Kuhl àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí pẹ̀lú àwọn ọmọ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà àti Jàpáànì. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, agbára wọn láti mọ ìyàtọ̀ láàárín "ra" àti "la" ti Gẹ̀ẹ́sì kò yàtọ̀ síra. Nígbà tí wọ́n fi máa di ọmọ oṣù mẹ́wàá sí méjìlá, ti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti pọ̀ sí i, ti àwọn ọmọ Jàpáànì ti dínkù. Nítorí náà, ọmọ ọdún méje tó pe "rice" àti "lice" bákan náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Etí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ fún èdè ìyá rẹ̀ kó tó mọ ìrìn. Àwọn ọmọ tó ń sọ Lárúbáwá ń bá "p" jà, torí kò sí nínú èdè wọn. Àwọn ọmọ Kòríà ń fi "p" dípò "f". Àwọn ọmọ Jàpáànì sì ń fi fáwẹ̀lì la àárín kọ́ńsónáǹtì, bí àwa náà ṣe ń ṣe sí búrẹ́dì. Ọ̀nà kan tó ṣiṣẹ́ ni àtẹ́wọ́. "Street" ń gba àtẹ́wọ́ kan. Ọmọ Jàpáànì lè pa á ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, torí bó ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó pa á ní márùn-ún, kí ẹ̀yin pa á lẹ́ẹ̀kan, kí ó gbọ́ ìyàtọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀ tó ń gbìyànjú láti sọ nítorí ìró kan.

Èdè ìlú náà kì í ṣe ọ̀tá, ohun yòówù kí Makerere sọ. Gbólóhùn kan tí olùkọ́ onílé fi èdè wọn sọ lè gbà yín lọ́wọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ ò bá fi máa ṣe àfarawé. Ẹ kọ́ ìwọ̀nba rẹ̀: ẹ kú iṣẹ́, ẹ rọra, ṣé inú ń run ọ́, ṣé o fẹ́ lọ ilé ìyàgbẹ́. Ẹ kọ́ orúkọ wọn bí ìyá wọn ṣe ń pè é, dípò kí ẹ máa fún wọn lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì torí ahọ́n tiyín.

Ẹ mọ bí àkókò tí ẹ ní ṣe kéré tó. Láti April 2020, Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ gidi tí wọ́n ń gba máàkì lé lórí fún kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànì. Àwọn kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ń ṣe eré èdè nígbà 35 lọ́dún, ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, wákàtí 26 àti díẹ̀ ni fún odindi ọdún kan. Kò sí ọmọ tó máa fi wákàtí 26 di ọ̀gá nínú èdè kankan. Ohun tí ìwọ̀nba àkókò yẹn lè ṣe ni kí etí wọn là, kí ẹ̀rù àjèjì má bà wọ́n mọ́, kí wọ́n sì fẹ́ tún gbọ́ sí i. Òbí tó bá ń bi yín ní oṣù kejì pé kí ló dé tí ọmọ òun kò tíì máa sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi ìṣirò yẹn hàn án pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ààbò ọmọ kò ní àwàdà nínú. Ẹ má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ẹ má gbé fọ́tò wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn orí wọn ló hàn. Bí ilé-ìwé kò bá béèrè ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́ yín rárá, ẹ rántí pé wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà ní kíláàsì kejì náà.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń pààrọ̀ olùkọ́ àjèjì lọ́dọọdún, olùkọ́ tuntun á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ àti ẹranko. Ẹ kọ ìwé kan sílẹ̀ kí ẹ tó lọ: ọ̀rọ̀ tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ti mọ̀, eré tí wọ́n fẹ́ràn, ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dé pátákó, ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ kìkì nígbà tó bá jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sì béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gba iṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá olùkọ́ tí ẹ fẹ́ rọ́pò sọ̀rọ̀ lórí fóònù, láìsí ọ̀gá níbẹ̀. Ilé-ìwé tó bá kọ̀ láì sọ ìdí, ẹ wá òmíràn.